Iná Kan Tó: Ohun tí Fọ́tò Ìhòòhò Kọ́ Mi ní Ilé-Ifẹ̀

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni mo fi ń jẹun ní Lágéré. Mi ò ronú kan fọ́tò ìhòòhò rí, àfi ìgbà tí oníbàárà mi kan, oníjó tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, wọlé tọ̀ mí wá pé òun fẹ́ kí n ya ara òun bí agbẹ́gilére ṣe ń wo ara. Ó ní ijó ló mọ ẹ̀yìn òun àti itan òun bó ṣe rí yìí, òun sì fẹ́ rí i kí ọjọ́ ogbó tó dé. Mo gbà fún un. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ gbà mí lówó, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ló sì kù kó ba obìnrin náà lórúkọ jẹ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò, tí wọ́n máa ń bi mí pé, "Àǹtí, iná wo ni ká rà?" Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Iná ńláńlá méjì, àwọn tó ní àpótí aṣọ funfun lójú, ni èmi lọ háyà n'Íbàdàn. Owó tí mo san, owó iṣẹ́ ìgbéyàwó kan gbáko ni. Mo gbé ọ̀kan sápá ọ̀tún, mo gbé èkejì sápá òsì, mo tún fi fláàṣì sórí kámẹ́rà kí ibì kankan má baà ṣókùnkùn. Èrò mi ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni fọ́tò ṣe máa dáa tó. Iná NEPA ò dúró. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo ní ò lè gbé iná méjèèjì pọ̀, ó ń kérora, iná ń fò sókè sódò. Nígbà tí mo jàjà yà á tán, iwájú orí ń kọ mànà, èjìká ń kọ mànà, ìyókù ara pẹlẹbẹ. Ibi tó yẹ kó yọ ò yọ, ibi tó yẹ kó wọnú ò wọnú. Oníjó yìí wò ó lójú kámẹ́rà, ó dákẹ́, ó wá ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹran ara ni mo rí níbí, mi ò rí ijó."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí pé òótọ́ ni. Obìnrin kan tú aṣọ níwájú mi, ó fi ara rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, mo sì fi iná ńláńlá pa ohun tó torí ẹ̀ wá rẹ́.

Orí àwòkọ kan wà lórí pẹpẹ nínú yàrá mi, tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ère tà ní Ẹnuwá, nítòsí ààfin. Ọmọ Ifẹ̀ ò ní ṣàìmọ irú rẹ̀. Ní 1938 ni wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì bo ojú púpọ̀ nínú wọn láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Amọ̀ ni tèmi, kì í ṣe idẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é fa ìlà yẹn dáadáa. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sójú orí náà gangan láti iwájú. Mi ò rí ìlà kankan. Ojú náà dán, ó sì ṣófo. Bí mo ṣe ń kọjá lọ, tọ́ọ̀ṣì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìlà gbogbo sì yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òjìji tirẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ga, ihò ojú jìn, ètè nípọn. Mo dá tọ́ọ̀ṣì padà síwájú, gbogbo rẹ̀ tún kú. Mo gbé e sísàlẹ̀, ojú náà di ti ẹ̀rù. Mo gbé e sẹ́yìn, ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan yí etí àti ọrùn ká.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Lálaalẹ́ ni mò ń fi tọ́ọ̀ṣì yí orí yẹn ká, tí mò ń kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya ara ènìyàn, kó kọ́kọ́ wá ère kan ṣe bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn títí yóò fi mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe. Kì í rẹ ère, òtútù kì í mú un, ojú kì í tì í. Ènìyàn tó bọ́ra sílẹ̀ ń dúró dè yín ni, kò yẹ kó jẹ́ ara rẹ̀ lẹ ó ti máa kọ́ṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà nípa awọ wa tí ọ̀gá tó kọ́ mi ní fọ́tò ò sọ fún mi. Awọ dúdú máa ń gba púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ lé e mọ́ra. Dídán tó wà lójú rẹ̀ ló ń sọ fún wa ibi tó ga àti ibi tó jìn, dídán yẹn sì jẹ́ àwòrán iná náà fúnra rẹ̀. Bí iná bá kéré, ẹ ó rí ojú funfun kékeré kan tó le koko lórí èjìká. Bí iná bá fẹ̀, dídán á fẹ̀, á rọ̀, á máa tẹ̀lé ara bó ṣe lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá iná Ìbàdàn padà, tí mo lọ síbi fèrèsé.

Fèrèsé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ìlà oòrùn. Oòrùn àárọ̀ tó bá wọlé tààrà le jù, ó ń gé ara sí méjì. Mo fi ìṣó kan aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun bo ojú fèrèsé náà, aṣọ yẹn fúnra rẹ̀ wá di iná, ó fẹ̀, ó rọ̀, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Ìgbà ọyẹ́ tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí eruku ojú ọ̀run ti sẹ́ oòrùn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ ń yà kọjú sí fèrèsé. Kó fi ẹ̀gbẹ́ sí i, kí ìmọ́lẹ̀ kàn máa fọwọ́ ra á kọjá.

Mo pe oníjó náà, ó padà wá. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àmọ́ apá tí kò kọjú sí fèrèsé ṣì ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ògiri mi ló ń ṣe é. Ògiri aláwọ̀ wàrà ni, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i lára, kò jẹ́ kí òjìji ráyè. Mo wá aṣọ dúdú kan tó kù nínú aṣọ òkú tí a dá, mo ta á sórí okùn ní apá kejì, ó sún mọ́ obìnrin náà débi pé ọwọ́ rẹ̀ lè tó o. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ! Eegun èjìká yọ, ojú ọ̀nà tó gba àárín ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ yọ, ìbàdí yí bó ṣe yẹ kó yí. Mi ò fi ìmọ́lẹ̀ kankan kún un, ṣe ni mo yọ ìmọ́lẹ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ owó nǹkan kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ fi ra aṣọ dúdú. Bí òjìji bá wá pọ̀ jù, kádíbọọ́dù funfun kan tí ẹnìkan dì mú lápá ibẹ̀ á gbé e sókè díẹ̀.

Ọ̀sán nìkan ni fèrèsé wúlò, obìnrin yìí sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́sàn-án, la bá bọ́ sí alẹ́. Mo ra gílóòbù LED ní ọjà Odò-Ògbè láì wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí wọn. Ọ̀kan jẹ́ 3000K, èkejì jẹ́ 6500K; nọ́ńbà yẹn ló ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ gílóòbù. Apá kan ara rẹ̀ ń pọ́n, apá kejì ń ṣe búlúù, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí méjèèjì á fi bára mu. Bí ẹ bá máa lo ju gílóòbù kan lọ, kí nọ́ńbà tó ṣáájú K yẹn jẹ́ ọ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì pa iná yàrá. Ìlà dúdú tún ń gba àárín fọ́tò kọjá, mo rò pé kámẹ́rà mi ti bàjẹ́. Kámẹ́rà ò ṣe nǹkan kan. Iná ìjọba tiwa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú sì máa ń ṣẹ́jú ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ìgbà 100, ojú wa ni kò lè rí i. Kámẹ́rà tó bá yára jù á ká a mọ́ ibi tó ti ń ṣẹ́jú. Mo dá ṣọ́tà, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń ṣí pẹ́ tó, padà sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, ìlà náà lọ. Ṣùgbọ́n 1/50 ò fẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n rárá. Mo gbé àpótí lé tábìlì, mo gbé àpò gààrí kékeré lé àpótí, mo tẹ kámẹ́rà mọ́ inú àpò náà kó jókòó. Mo ní kí obìnrin náà mí síta, ìgbà tó bá mí síta tán ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́.

Gílóòbù àtijọ́, èyí tó ní wáyà nínú, kì í dá irú ìlà yẹn sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dára lára awọ wa, àmọ́ iná gidi ni. Mo fi àpò ìrọ̀rí funfun bo ọ̀kan tó jẹ́ wáàtì 100 kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀. A ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ òórùn aṣọ tó ń jóná. Mo já a jù sílẹ̀, ó ti lu. Ẹni tó wọṣọ lè sá jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó wà níhòòhò, ìró ló máa kọ́kọ́ wá kó tó sá. Láti ọjọ́ náà, LED nìkan ni mò ń lò, mo máa ń fi ìwọ̀n apá kan sáàárín aṣọ àti gílóòbù, ìró ẹni tí mò ń yà sì gbọ́dọ̀ wà níbi tọ́wọ́ rẹ̀ tó.

Gílóòbù kan náà tó, bí ẹ bá mọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tán. Bí ẹni tẹ́ ẹ ń yà bá wà ní mítà kan sí gílóòbù, tẹ́ ẹ wá sún un dé mítà méjì, kì í ṣe ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló kù, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Nítorí náà, ẹ gbé iná sún mọ́ ènìyàn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà. Ògiri á dúdú fúnra rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ funfun. Àwọn tó bá fẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ wá àlòkù léèsì tó ní ihò, ẹ ta á sún mọ́ ara, kẹ́ ẹ wá gbé gílóòbù láìfi nǹkan bò ó jìnnà sẹ́yìn. Òdòdó léèsì náà á bọ́ sórí awọ ketekete. Asẹ́ onírin náà ń ṣe é.

Ohun tó lé mi kúrò ní Lágéré, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ni. Mo fẹ́ kí ìlà tín-ín-rín yẹn, èyí tí mo rí létí ère, yí ara obìnrin náà ká. Mo wá gbé gílóòbù sẹ́yìn rẹ̀, sí apá inú yàrá, òun dúró sáàárín, fèrèsé sì wà lẹ́yìn mi. Mo ti fa kọ́tìnnì dé dáadáa, ọkàn mi balẹ̀. Kọ́tìnnì tó ń dí ojú lọ́sàn-án kì í dí òjìji lóru. Gbogbo bó ṣe gbé apá sókè, bó ṣe tẹ̀ síwájú, bó ṣe yí ìbàdí, òjìji rẹ̀ hàn gedegbe lára kọ́tìnnì fún gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń ra àkàrà alẹ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtàn náà ti lẹ́sẹ̀. Àwọn kan ní fíìmù ìṣekúṣe ni mò ń ṣe, àwọn kan ní ògùn owó ni. Bàbá onílé pè mí wọlé láàárọ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ìyá onífọ́tò, mi ò bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ ń ṣe. Ẹ ṣáà wá ilé míì kóṣù tó parí." Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé, wọ́n ń mi orí, wọn ò yí ohùn padà. Ohun tó dá mi lóró ju ilé lọ ni pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún obìnrin náà. Òjìji nìkan ni wọ́n rí, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀, Ọlọ́run ló yọ wá. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ẹbí rẹ̀ wà níbí, ojoojúmọ́ ló ń retí pé ẹnìkan á dárúkọ òun. Kò gbé fóònù mi mọ́. Mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn débi pé ó ń bí mi nínú títí dòní. Bí ènìyàn bá wà láàárín iná àti fèrèsé, ojú fèrèsé ni òjìji rẹ̀ máa bọ́ sí. Bí iná bá wà lápá fèrèsé, tó kọjú sínú yàrá, ògiri inú ni òjìji máa bọ́ sí. Síbẹ̀ mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn nìkan mọ́. Páálí fíríìjì ni mo fi ń dí fèrèsé, mo fi téèpù lẹ etí rẹ̀, mo ta ẹní lé e. Kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ aṣọ, mo máa ń gbé àga síbi tó máa dúró, mo kó aṣọ lé àga náà, mo tan iná, mo wá yí ilé ká lóde. Mo máa ń wo fèrèsé, ihò kọ́kọ́rọ́, abẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí páànù àti ògiri ò ti pàdé. Ibi tí mo bá ti rí ìmọ́lẹ̀, mo dí i.

Wọ́n sọ fún mi nígbà yẹn pé àṣà òyìnbó ni mo gbé wọ̀lú. Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mi ò gbà. Ẹ wo ère ìbejì. Ìhòòhò ni púpọ̀ nínú wọn, tọmú tọmú, tìlẹ̀kẹ̀ tìlẹ̀kẹ̀ ní ìdí, ìyá sì ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á. Ẹ wo ère idẹ Ọọ̀ni tí wọ́n hú ní Ìta Yemòó ní 1957, kò sáṣọ láyà rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ló wà níbẹ̀. Rotimi Fani-Kayode, ayafọ́tò tí wọ́n bí ní Èkó ní 1955, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ìdílé olóyè n'Ífẹ̀ níbí, ara ènìyàn dúdú níhòòhò wà lára ohun tó yà jù títí ó fi kú ní London ní 1989, ó sì gbé ọ̀rọ̀ òrìṣà wa wọnú iṣẹ́ náà. Ohun tó burú ni ká fi ara ẹni ẹlẹ́ni hàn láì gbàṣẹ, òun gan-an sì ni kọ́tìnnì mi ṣe.

Oṣù díẹ̀ kọjá kí oníjó náà tó pè mí. Ó ní òun máa wá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun obìnrin máa tẹ̀lé òun. Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò ní ya ẹnikẹ́ni mọ́ bí kò bá mú ẹnìkan tó fọkàn tán dání. Mo sọ fún un kó tú kọ́mú àti pátá ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú, kó ró ìró lásán, torí rọ́bà máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára, iná ẹ̀gbẹ́ kì í sì í bo ìlà kankan. Mo ní kó fi òrí díẹ̀ pa èjìká àti ẹ̀yìn, kó má fi pa ojú.

Yàrá tí mo gbà ní Parakin kéré. Mo so gílóòbù kan mọ́ ẹ̀yìn àga, lápá fèrèsé tí mo ti dí. Mo ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì sáàárín òun àti obìnrin náà, mo ta aṣọ dúdú sápá kejì. A pa fáànù torí ó ń mi aṣọ, a sì ń sinmi lóòrèkóòrè kí ooru má baà pa wá. Kámẹ́rà tó bá rí òkùnkùn máa ń fẹ́ tàn án, awọ dúdú á di aláwọ̀ eérú. Mo fọwọ́ ara mi dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí −1, ìyẹn ìdajì èyí tí kámẹ́rà fẹ́ lò, mo ń wo ibi tó mọ́ jù lára obìnrin náà nìkan, kó má fọ́ sí funfun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fa ojú ro. Nígbà tó yá, ó dìde, ó bá mi di àga iná mú, ó ń sọ pé, "Àbúrò mi, gbé èjìká yẹn wálẹ̀, kí n rí ọrùn ẹ." Nínú fọ́tò tó tẹ̀lé ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ ti apá òsì wá, ó gba orí eegun èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ojú ọ̀nà ẹ̀yìn, ó pa rẹ́ sínú òkùnkùn kó tó dé apá ọ̀tún. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀ọ̀kan mú ojú ìmọ́lẹ̀ kan. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ijó ti dé."

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ la ti kọ ìwé. Ó wà nínú rẹ̀ pé ó ti dàgbà ju ọdún 18 lọ, pé òun ló ní kí n ya òun, ibi tí fọ́tò lè dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé, àti bóyá ojú lè hàn. Àwa méjèèjì buwọ́ lù ú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Fóònù gbogbo wa wà ní ìta yàrá. Mi ò fi fóònù ya irú èyí, torí fóònù púpọ̀ ló ń gbé fọ́tò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò kó o sórí kọ̀ǹpútà tí mo lè gbé fún alátùnṣe lọ́la. Nígbà tí a ṣe tán, ó jókòó tì mí, a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá ní òun ò fẹ́, mi ò jà fún un, kódà èyí tí mo fẹ́ràn. Mo pa wọ́n rẹ́ lójú rẹ̀. Fọ́tò tí ẹ pa rẹ́ lásán ṣì lè jáde padà lórí káàdì, nítorí náà nígbà tí mo kó èyí tó mú sọ́wọ́ rẹ̀ tán, mo ya ògiri ní àyàtúnyà títí káàdì náà fi kún.